Ọ̀gá Tó Ní Kí Gábàsì Sún Díẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn, ṣé ẹ ti rí ẹlẹ́ran ara tó pàṣẹ pé kí gábàsì sún díẹ̀ rí?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ ti lè rí ẹni tó pàṣẹ fún ọlọ́pàá. Ẹ ti lè rí ẹni tó pàṣẹ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, tó sì mú un jẹ. Ṣùgbọ́n gábàsì, ibi tí àwọn mùsùlùmí ń kọjú sí bí wọ́n bá ń kírun láti ayébáyé, ta ló tó o? Ọ̀gá Àgbà Ilé Àtijọ́ tó o. Ó tó o, ó tún ṣẹ́ kù.

Orúkọ ipò tí wọ́n kọ sí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọkùnrin yìí gùn débi pé ara ògiri ni wọ́n ti parí rẹ̀. Òpó Iná ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, torí pé ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń dúró gbagidi bí ẹni pé òun ló ń fún gbogbo òpópónà ní ìmọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà. Kò gbọ́ ìdajì kejì tí wọ́n máa ń sọ tó bá ti kọjá, pé òpó kì í ronú, orí rẹ̀ ni wáyà kàn ń gbà kọjá.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé gíga yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Aránṣọ ni, pálọ̀ rẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Tí Òpó Iná bá wá wọn aṣọ, á ti ilẹ̀kùn, á fa kọ́tíìnì, á wá dúró bí ère.

"Àǹtí, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú bàtà o."

"Mo gbọ́."

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Èmi tí mo máa ń wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà, ṣé gíga rẹ ló máa wá jọ mí lójú?"

Nítorí bàtà yẹn, ẹ̀yin ará, kì í ṣe bàtà lásán. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ga bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n tò léra wọn. Tìmùtìmù wà nínú rẹ̀, àyè ṣófo sì wà lábẹ́ tìmùtìmù. Ẹni bá bọ́ sílẹ̀ látinú rẹ̀, àfi bí ẹni sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

Àǹtí Aránṣọ fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, ó bò ó láṣìírí. Ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ kì í ṣe bàtà, kọ́kọ́rọ́ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì òkúta kan wà lórí òkè àdúgbò náà, ó ti pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ àwọn olùjọsìn ti jẹ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọnú bí ikùn ṣíbí. Ìyá wọn ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, irin dúdú kan tó gùn tó ìka àárín. Nígbà tí ìyá dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde mọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó pa ọwọ́ náà dé.

"Ilé àdúrà ni," ìyá sọ. "Ohun yòówù kó dà lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ ni kí kọ́kọ́rọ́ yìí ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa gbàdúrà níbẹ̀. Má jẹ́ kó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá."

"Mo ṣèlérí, Màámi."

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ìjọ náà ń dín kù. Àwọn kan kú, àwọn kan kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Wọ́n wá kù díẹ̀ débi pé tí ẹnì kan bá wúkọ́, ìdajì ẹgbẹ́ akọrin ti dákẹ́ nìyẹn. Àwọn mùsùlùmí àdúgbò ní tiwọn ń pọ̀ sí i, inú ṣọ́ọ̀bù Lèmọ́mù ni wọ́n sì ti ń kírun. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni Lèmọ́mù. Láàárín táyà àti páńpù ni wọ́n ti ń forí balẹ̀, ẹni tí kò bá ráyè nínú á wà níta lábẹ́ tapólì. Ni Pásítọ̀ arúgbó àti Lèmọ́mù bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pásítọ̀ ní ó sàn kí ilé náà máa gbọ́ àdúrà ní èdè mìíràn ju kó di ibi tí wọ́n ti ń ta àga lọ. Ìjọ fọwọ́ sí i. Ẹlòmíràn sunkún, ó tún fọwọ́ sí i. Àǹtí Aránṣọ sọ fún Lèmọ́mù níṣojú gbogbo wọn pé òun fúnra òun ni òun máa fi kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́.

Kò síjà, kò síta. Ó ku kí ìjọba gbọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Òpó Iná gbọ́. Ó dé pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, tó ṣí agbòòrùn bò ó lórí nínú ilé.

"Àǹtí, orílẹ̀-èdè ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́."

"Orílẹ̀-èdè wo? Ta ló rán ẹ?"

"Èmi ni orílẹ̀-èdè, Àǹtí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi gan-an ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí.

"Mo ti ṣèlérí fún Màámi pé ẹni tó máa gbàdúrà níbẹ̀ ni màá fún. Ìwọ, ìgbà wo lo gbàdúrà kẹ́yìn?"

Òpó Iná wo akọ̀wé. Akọ̀wé wá ibi tí bẹ́ẹ̀ ni sà lè bọ́ sí nínú ìbéèrè yẹn, kò rí, ó bá gbójú sókè wo àjà.

Ni Òpó Iná bá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Mo kàn fẹ́ mú un dání títí di ọjọ́ ìṣílé ni. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ nígboro pé ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ò kà mí sí?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àfi kí Ọlọ́run báni dá sí i. Àánú rẹ̀ ṣe Àǹtí, ó tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára okùn tó fi so ó mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Àtìgbà tó ti bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ni oorun rẹ̀ ti dín kù.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò kéde pé kọ́kọ́rọ́ tó níyì náà ti wà nínú àpótí irin ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà, àti pé ọlọ́pàá méjì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Lóòótọ́ ni, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Àwọn méjèèjì gbé ìbọn, wọ́n sì ń lé eṣinṣin. Ẹ bá mi kí wọn kú iṣẹ́, torí pé nínú àpótí yẹn, eruku nìkan ló wà.

Lẹ́yìn èyí ni Òpó Iná lọ yẹ ilé wò. Kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ Àǹtí ni àwọn ará Lèmọ́mù ti gbálẹ̀, wọ́n ti kó àwọn bẹ́ǹṣì kúrò, wọ́n sì ti lẹ téèpù funfun mọ́lẹ̀ láti fi mọ bí wọ́n ṣe máa tò tí wọ́n bá ń kírun. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọjú rẹ̀ sí kọ́ ni gábàsì wà. Apá igun ọ̀tún ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tó lọ sí ilé aago. Gbogbo ìlà náà wá dágun gba inú ilé kọjá.

Òpó Iná dúró lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ta ló tẹ ìlà yìí wọ́?"

"Ó wọ́, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà dáhùn. "Ó wọ́ gan-an ni. Ó tilẹ̀ ń dun ojú mi."

"Ọ̀gá, kì í ṣe ìlà ló wọ́," Lèmọ́mù sọ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. "Gábàsì ló wà lápá ibẹ̀ yẹn."

"Mínísítà ń bọ̀ wá ṣílé! Àwọn ayàwòrán ń bọ̀! Ṣé kí ayé wo fọ́tò, kí wọ́n rí i pé mi ò lè to ènìyàn sórí ìlà tó tọ́? Ẹ sọ fún gábàsì kó sún díẹ̀ sápá òsì."

Lèmọ́mù rò pé eré ni. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

"Ọ̀gá, ta ni kí n sọ ọ́ fún?"

"Ìyẹn ni ìṣòro yín, ẹ kì í béèrè! Ẹ ò ní ẹni tẹ́ ẹ mọ̀! Èmi máa fa ìgbìmọ̀ kalẹ̀."

Ó fà á kalẹ̀ lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó, ìgbìmọ̀ mu omi tútù, ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pe awọnlẹ̀. Awọnlẹ̀ gbé kọ́ńpáàsì kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ gbọ̀n rìrì, ó dúró, igun ọ̀tún náà ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Òpó Iná ní kọ́ńpáàsì náà ò lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n mú òmíràn wá. Òmíràn náà sọ ohun tí èkíní sọ. "Wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀," ni Òpó Iná wí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti kọ́ńpáàsì méjèèjì mọ́ yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí gábàsì kọ̀ tí kò yí, ó pe ẹnjiníà.

"Ẹ bá mi yí ilé náà díẹ̀."

"Ilé òkúta ni, sà."

"Ṣé mo ní igi ni? Ẹ rọra yí i."

Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í láàgùn. Ó ní òun á lọ sílé lọ rò ó. Ó kó jáde kúrò nílùú lọ́jọ́ náà gan-an, ìyàwó rẹ̀ sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè rẹ̀ pé ó lọ rò ó.

Ẹ máa rò pé Òpó Iná ti wá tẹ́ báyìí. Rárá o, ẹni tó ń gbéra ga kì í tètè tẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ wú. Bó ṣe ń wo igun ọ̀tún yẹn ni ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn: bó bá jẹ́ igun yẹn ni gbogbo ènìyàn máa kọjú sí, kí ni kò yẹ kó wà níbẹ̀? Ó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbẹ́ òkúta. Kò pẹ́, wọ́n gbé pátákó òkúta mábù dé. Àwòrán Òpó Iná ló wà lára rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, ó nà gbọọrọ, ojú rẹ̀ ń wo iwájú bí ẹni tó ń dárí ji ayé. Wọ́n gbé e ti igun náà, wọ́n fi kọ́tíìnì fẹ́lífẹ́ẹ̀tì bò ó.

Lèmọ́mù ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. A kì í kírun kọjú sí àwòrán ènìyàn. Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún."

"Èmi ò ní kẹ́ ẹ forí balẹ̀ fún mi," ni Òpó Iná fèsì. "Ẹ forí balẹ̀ fún Ọlọ́run yín. Èmi kàn máa wà níwájú ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí. "Ọlọ́run náà á mọ̀ pé ẹ wà níwájú."

Ẹ gbọ́ bí ahọ́n ṣe ń pani o.

Òpó Iná wá fi lé e pé bí wọn ò bá gba òkúta, òun ò ní ṣílé, ilé á sì wà ní títì. Nígbà tó yá, òjò dé. Àǹtí Aránṣọ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe kọjá ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, ó rí àwọn ọkùnrin tó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Tapólì ti wú fún omi, ó ń dà sí wọn lẹ́yìn. Lèmọ́mù wà níwájú wọn, ó ń wúkọ́ láàárín ẹsẹ kan àti òmíràn. Ìyàwó Lèmọ́mù ló ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ti tapólì sókè kí omi lè ṣàn dànù. Ó rí Àǹtí.

"Ẹ ǹ lẹ́ o, Ìyá Aránṣọ."

"Ẹ kú òjò."

"Ṣé ẹ ṣì rántí ohun tẹ́ ẹ sọ fún Baba?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó fi ìbínú sọ ọ́ ni, ì bá rọrùn. Orí ni Àǹtí kàn mì.

Látibẹ̀ ó gba ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó jókòó síta. Ó jókòó lábẹ́ fọ́tò àbúrò rẹ̀ mẹ́ta, títí ìdí fi dùn ún, kí wọ́n tó ní kó wọlé.

"Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ Màámi."

"Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìṣọ́, Àǹtí. Ó tilẹ̀ dáa tẹ́ ẹ wá. Mínísítà ti mú ọjọ́. Mo fẹ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè tuntun. Kó gùn, kó gbálẹ̀, kó máa tẹ̀ lé mi."

"Tí mo bá ránṣọ yìí, ṣé wàá ṣílẹ̀kùn fún àwọn ènìyàn yìí lọ́jọ́ náà?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an."

"O ò ní wọ bàtà wọ ibẹ̀ ṣá. Mọ́sálásí ni. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń bọ́ bàtà."

Òpó Iná rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, tèmi kì í ṣe bàtà. Ipò ni. Ta ló máa ń bọ́ ipò sẹ́nu ọ̀nà?"

Àǹtí padà sílé, ó ránṣọ náà. Ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú bàtà bí wọ́n ṣe ní kó wọ̀n ọ́n. Bó ṣe ń ṣẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀ ló ń gbàdúrà, kì í ṣe àdúrà ibi o. Ohun tó ń sọ ni, "Olúwa, jẹ́ kí n kàn rí kọ́kọ́rọ́ yẹn gbà."

Ọjọ́ pé. Gbogbo àdúgbò tú síta. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá kan pẹ̀lú Pásítọ̀ arúgbó, àwọn ará mọ́sálásí wà lápá kejì pẹ̀lú ẹní tuntun lábẹ́ apá. Mínísítà dé, obìnrin kúkúrú kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òpó Iná bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó kí òkúta ilé náà. Ó kí àwọn tó gbé òkúta. Ó ní bí kì í bá ṣe òun ni, ilé náà ì bá ti gbàgbé pé ilé ni òun. Ó ní òun wo ọ̀tún, òun wo òsì, òun ò rí ẹlẹgbẹ́ òun, ni òun bá gba kámú.

"Ẹ gba kámú, sà!" ni akọ̀wé kígbe.

Ni wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ ayẹyẹ jáde lórí ìrọ̀rí. Igi tí wọ́n kùn ní ọ̀dà wúrà ni, ó gùn bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ihò kọ́kọ́rọ́ láyé tó lè gbà á. Òpó Iná ti wá ṣílẹ̀kùn ní kùtùkùtù, ó kàn fà á padé. Ó fi igi náà kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí, àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan láti wọlé. Ìyàwó Lèmọ́mù dúró níbẹ̀, òun ni wọ́n ní kó máa to bàtà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bàtà yín."

"Ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ dáadáa."

"Mo ti wò yín, sà. Bàtà yín ni."

Ó yíjú láti wá ẹni tó máa gbèjà rẹ̀. Pásítọ̀ arúgbó ti bọ́ tirẹ̀. Akọ̀wé ti bọ́ tirẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò kan bo ihò ìbọ̀sẹ̀. Mínísítà fúnra rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ lásán, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò ó.

"Ọ̀gá Àgbà," Mínísítà ní, "kí là ń dúró dè?"

Òpó Iná fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìtàn bàtà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Ó wá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín èrò bí ó ṣe máa ń wá a nígbà tó wà lọ́mọdé tí ajá bá ń lé e. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sílẹ̀ látinú bàtà, ọ̀tún ṣíwájú, òsì tẹ̀ lé e.

Ó lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀. Ẹ̀wù dúró díẹ̀ lókè bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí òun náà tó wó bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀gá dà?"

Òpó Iná ò wẹ̀yìn. Ó sáré gba inú ilé lọ síbi kọ́tíìnì, kó lè ṣí òkúta náà kíá, kí àwọn ènìyàn lè máa wo èyí tó ga. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wẹ̀wù àṣejù, ṣebí a mọ ibi tó ń já sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ìṣẹ́tí. Ó nawọ́ gbá kọ́tíìnì mú, kọ́tíìnì já, ó sì dojú bolẹ̀ gbì. Lórí ìlà téèpù funfun ló ṣubú sí, ó dágun bí ìlà ṣe dágun, ó kọjú sí gábàsì pátápátá, iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀. Òkúta mábù sì dúró gbọọrọ lókè rẹ̀, ó ń dárí jì í.

Báyìí ni ẹni tí kì í forí balẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ṣe forí balẹ̀ níṣojú ayé. Ara rẹ̀ ló sì forí balẹ̀ fún.

Lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó Lèmọ́mù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàtà Òpó Iná láti tò ó, ní, "Kí ló wúwo báyìí?" Ó dojú bàtà dé. Tìmùtìmù já bọ́, ohun kan tẹ̀ lé e, ó ró gbangan lórí àtẹ̀gùn òkúta.

Àǹtí Aránṣọ ò ní láti wò ó. Ó mọ ohùn irin yẹn láti kékeré.

Mínísítà wo kọ́kọ́rọ́, ó wo bàtà. "Àwọn ọlọ́pàá méjì tí mò ń sanwó fún, kí ni wọ́n ń ṣọ́?"

Akọ̀wé la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á, ó ní, "Rárá, sà." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ nìyẹn, kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń dá lóhùn.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń ga bọ̀. Àǹtí ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà nílẹ̀, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ ti àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó yọ àwọn píìnì tó máa ń wà láyà aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìṣẹ́tí ẹ̀wù náà sókè, ó ń gún un níkọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí," ni Òpó Iná sọ wúyẹ́wúyẹ́ látilẹ̀, "ṣé gbogbo wọn rí mi?"

"Wọ́n rí ẹ."

"Báwo ni mo ṣe ga tó?"

"Bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ. Dìde, ó ti bá ẹ mu báyìí."

Ó dìde. Aṣọ náà bá a mu lóòótọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde, kò sì sọ̀rọ̀ ìdágbére, èyí tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ju ìṣubú lọ. Kí oṣù yẹn tó parí, Mínísítà ti gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí òpó iná ojú títì. Bàtà pẹlẹbẹ ló ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn ará Lèmọ́mù gbé òkúta mábù náà kúrò nígun, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n fi dí àtẹ̀gùn tó ti jẹ wọnú yẹn. Orí rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń bọ́ bàtà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti jáde, Àǹtí Aránṣọ dìde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rín ti rọlẹ̀. Ó gba àárín àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba àárín àwọn ará mọ́sálásí, ó dúró síwájú Lèmọ́mù.

"Baba, ẹ má bínú. Mo jẹ́ kó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá lójú ọ̀nà."

Lèmọ́mù tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí epo kẹ̀kẹ́ ti wọ̀ lára, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àǹtí gbé irin náà lé e láàárín, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọwọ́ náà dé, bí wọ́n ṣe pa tirẹ̀ dé nígbà náà lọ́hùn-ún.

"Màámi," ó sọ ọ́ kélékélé, "mo ti fún wọn."